Itọ́ Ẹlòmíràn Lábẹ́ Orúkọ Hosiyat

Hosiyat kì í jẹ́ kí àlejò mọ iye ènìyàn tó ń sùn nínú ilé rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní àwọn kò pọ̀. Bí onítọ̀hún bá tún bi í, á ní kó kọ́kọ́ ka àwọn tirẹ̀ ná. Wọn kò bí ìwà yìí mọ́ ọn. Ọdún 1970 ló kọ́ ọ, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí nọ́ọ̀sì kan gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ abúlé wọn, Sangikat, lókè àfonífojì Yaghnob. Nọ́ọ̀sì náà fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá olúkúlùkù. Ó ní nítorí ìlera wọn ni. Ó kọ orúkọ gbogbo wọn sínú ìwé, àtọmọ ọwọ́ àtarúgbó, ó mu tíì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò pé ogúnjọ́ tí hẹlikọ́pútà fi balẹ̀ sáàárín oko bálì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jáde nínú rẹ̀ ní yìnyín orí òkè fẹ́ ya bo abúlé, kí olúkúlùkù gbé ìwọ̀nba ohun tí apá rẹ̀ ká. Wọ́n ń pe orúkọ látinú ìwé bí wọ́n ṣe ń tì wọ́n wọlé. Ìwé wo? Hosiyat kò mọ̀ dájú, ṣùgbọ́n títí di òní, kò sẹ́ni tó lè mú kó gbà pé kì í ṣe ìwé nọ́ọ̀sì yẹn ni. Zafarobod ni wọ́n kó wọn lọ, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí òwú ti ń dúró de ọwọ́ tí yóò ká a. Àwọn tí kò mọ̀ ju òtútù òkè lọ bọ́ sínú ooru tó ń jó bàtà mọ́ni lẹ́sẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ náà, Hosiyat sin ìyá ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ méjì.

Ó lò tó ogún ọdún níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló ti bí Nizom, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí agbára ìjọba ọ̀hún rọ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ kó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì, wọ́n fẹsẹ̀ rìn padà wá sí Sangikat, wọ́n bá ilé wọn láìlórùlé, wọ́n sì tún un kọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú báyìí. Ilé mẹ́jọ péré ló wà lábúlé náà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Mehrangez dé ní oṣù kẹfà ọdún 2018, tí àpótí ike funfun wà lẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, Hosiyat wo àpótí náà kó tó wo ojú ẹni tó gbé e wá.

Ọmọbìnrin Dushanbe, olú ìlú, ni Mehrangez, kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún dáadáa, ó sì ń bá àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ṣiṣẹ́. Ganjali, tó jẹ́ àgbà abúlé, ló gbà á sílé, ó pe gbogbo ènìyàn jọ, wọ́n gbé tíì oníwàrà àti búrẹ́dì kalẹ̀. Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé ohun tó bá wá. Ó ní nínú itọ́ ènìyàn ni àmì wà tó ti ọ̀dọ̀ baba àti ìyá wá, tí àwọn náà gbà lọ́wọ́ tiwọn, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò sẹ́ni tó rántí orúkọ wọn mọ́. Ó ní àwọn ti yọ irú àmì kan náà láti inú eegun tí wọ́n hú nínú ibojì àtijọ́, òmíràn tó ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará Sughd wà nínú wọn, àwọn oníṣòwò tí ràkúnmí wọn máa ń rìn títí dé Ṣáínà, tí àwọn tíṣà ń sọ fáwọn ọmọ Yaghnob pé baba ńlá wọn ni. Ó ní ara gbogbo ènìyàn dà bí odò ńlá tí odò kéékèèké ṣàn wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ omi odò tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ omi orísun kọ̀ọ̀kan wò. Ṣùgbọ́n orísun àtijọ́ ti gbẹ, eegun díẹ̀ ló kù, nítorí náà wọ́n ń wá àwọn alààyè tí kò fi bẹ́ẹ̀ dàpọ̀ mọ́ ẹlòmíràn, kí wọ́n fi wọ́n kún òdiwọ̀n tí wọn ó fi wọn àwọn yòókù. Àwọn ará Yaghnob, ó ní, wà lára àwọn tó yẹ jù.

Inú àwọn ọkùnrin dùn sí ọ̀rọ̀ yìí. Ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe òdiwọ̀n? Hosiyat jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó ń fọ́ wàrà gbígbẹ sínú àwo. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, ó sọ̀rọ̀.

"Odò tó o fẹ́ tọ́ wò yìí, ọmọ mi, ta ló ti tọ́ ẹnu ìwọ atọ́wò wò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mehrangez kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní ìbéèrè gidi ni. Ó ní bí àwọn bá fi eegun kan ṣe òdiwọ̀n, iye kan ni yóò jáde, bí àwọn bá pààrọ̀ rẹ̀, iye mìíràn ni.

"Bí mo bá fẹ́ ra ìyẹ̀fun lọ́wọ́ rẹ," ni Hosiyat wí, "tó o fi igbá méjì wọ̀n ọ́n, tí iye wọn kò bára mu, èwo ni kí n gbà?"

"À á sọ méjèèjì fún yín, Ìyá, à á sì fi igbá tá a lò hàn yín."

Hosiyat kò retí èsì bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́ràn pé kò retí rẹ̀. Ó yí ìbéèrè padà, ó bi í nípa orúkọ. Mehrangez ní nọ́ńbà nìkan ni yóò wà lára ìgò tí wọ́n máa tutọ́ sí, orúkọ wọn yóò wà nínú ìwé kan ṣoṣo, lábẹ́ títì, lọ́dọ̀ òun ní Dushanbe.

Ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí ló bà á jẹ́ lójú Hosiyat. Àmọ́ kò sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá kọ̀ níta gbangba, Ganjali yóò ní ẹ̀rù àtijọ́ ló ń bà á, wọn ó sì máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí di ìgbà ìkórè. Dípò bẹ́ẹ̀, ó rò ó pé òun yóò dán wọn wò. Ọ̀nà tó gbà dán wọn wò ló sì di ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí.

Ẹnì kan wà nínú ilé rẹ̀ tó ti ń fura sí láti ọdún mọ́kànlá. Zulola ni, ìyàwó Nizom. Nizom wà ní Rọ́ṣíà, ó ń bá wọn kọ́lé, ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ sì jọ ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ méjì. Zafarobod ni Nizom ti rí Zulola fẹ́. Ìṣòro kò sí lọ́dọ̀ baba Zulola, ọmọ Yaghnob ni, láti abúlé ìsàlẹ̀, ó wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, Oysara, ni ìṣòro wà. Ọmọ òrukàn ni Oysara, obìnrin pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan tó ń jẹ́ Hamrokhon, tó ń sọ èdè Uzbek, ló wò ó dàgbà lẹ́bàá oko òwú, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó bí i. Gbogbo ayé ń pè é ní ọmọ Hamrokhon. Nítorí náà, lójú Hosiyat, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló fẹ́ wọ ilé òun.

Kò bá Zulola jà rí. Bí ó bá ń jáde lọ wo àgùntàn, á kàn tẹ àtàǹpàkò mọ́ ojú bọ́tà inú ìkòkò, kó lè mọ̀ bí ẹnì kan bá bù ú. Bí Zulola bá ń kọrin fọ́mọ ní èdè Uzbek, á ní kó rọra, pé àwọn àgùntàn kò gbọ́ èdè yẹn. Ó máa ń sọ fáwọn ìyá abúlé pé búrẹ́dì ìyàwó òun nípọn bíi ti ará pẹ̀tẹ́lẹ̀. Zulola ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bó bá sì fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó máa ń gun òkè lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, níbi tí ìyá ọkọ rẹ̀ kò lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Èyí náà wà lára ohun tí Hosiyat ń fura sí.

Ní ọjọ́ kejì, Mehrangez pín ìgò. Ojú ń ti àwọn ìyá àgbà láti tutọ́ lójú àlejò, ó sì gbà kí wọ́n wọlé lọ tu ú. Ìgò Hosiyat ni ìkẹrìnlá. Ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí Zulola ti ń lẹ búrẹ́dì mọ́ inú ààrò.

"Tutọ́ sí i títí dé ìlà yìí," ló wí. "Ẹnu mi gbẹ."

Zulola nu ọwọ́, ó tutọ́, ó dá ìgò padà. Kò béèrè ohunkóhun. Hosiyat dé e pa, ó gbé e fún Mehrangez, ó tẹ ìka sábẹ́ ìwé tí orúkọ ara rẹ̀ wà. Èrò rẹ̀ rọrùn. Ọmọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ìdajì ohun tó wà nínú ìgò yẹn. Bí àwọn onímọ̀ náà bá padà wá sọ pé ògidì ọmọ Yaghnob ni Hosiyat, irọ́ ni wọ́n wá pa, wọ́n kàn ń pọ́n àwọn lé kí wọ́n lè rí nǹkan gbà lọ ni. Bí wọ́n bá sì mú àṣírí rẹ̀, á mọ̀ pé òótọ́ ni iṣẹ́ wọn, á tún ní ẹ̀rí lọ́wọ́ nípa ìyàwó ilé rẹ̀. Lójú rẹ̀, kò sí ọ̀nà tí òun fi lè pàdánù.

Ọdún kan gbáko ló fi dúró. Ó máa ń rántí ìgò náà nígbà mìíràn, bó bá ń wo Zulola lẹ́yìn. Ó ṣẹlẹ̀ nígbà òtútù yẹn pé àgùntàn méjì sọnù, bó sì ṣe ń wá wọn, Hosiyat rí i pé òun ti ń ronú ohun tí òun máa sọ fún Nizom nígbà tí èsì bá dé, bó ṣe máa gbọ́ ọ, àti bóyá ó máa fẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n rí àwọn àgùntàn náà. Èrò náà kò lọ.

Mehrangez padà wá ní oṣù kẹfà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Ó kó gbogbo ènìyàn jọ sílé Ganjali, ó fi àwòrán hàn wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní nínú abúlé mẹ́rin tí àwọn ti gba itọ́ ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bí a bá pín ara wọn sọ́nà ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó jọ ti eegun àwọn ará Sughd, ìyókù ti ọ̀dọ̀ àwọn darandaran ilẹ̀ koríko àríwá àti àwọn ìran mìíràn wá. Ó ní bí àwọn bá fi òdiwọ̀n mìíràn wò ó, iye náà á lọ sókè tàbí kó wálẹ̀ díẹ̀. Ganjali ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta kéré, òun rò pé ọgọ́rùn-ún ni. Mehrangez ní kò sẹ́nì kankan láyé tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ Ganjali nínú.

Ó ti ṣèlérí pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa ti ara rẹ̀, òun á sọ ọ́ fún un nínú ilé rẹ̀. Hosiyat ni ó kọ́kọ́ pè é. Zulola ló ń bu tíì. Mehrangez wo Zulola, ó béèrè bóyá kí wọ́n dúró kó jáde ná.

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀," ni Hosiyat wí. Ó ń fẹ́ kó gbọ́.

Mehrangez ṣí kọ̀ǹpútà. Ó ní nọ́ńbà kẹrìnlá wà lára àwọn tó sún mọ́ eegun àtijọ́ jù lọ nínú gbogbo wọn, àdàpọ̀ tó wọ̀ ọ́ lára láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn kéré débi pé agbára káká ni wọ́n fi rí i. Wọ́n ti mú un mọ́ àwọn méjìlá tí wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n.

"Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ní Samarkand ní ìran Sughd lára, Ìyá, ẹ̀yin wà lára àwọn tí wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n."

Hosiyat rẹ́rìn-ín títí ó fi etí ìborí rẹ̀ nu ojú. "Mo mú ọ," ló wí. "Mo mú ọ lónìí. Itọ́ yẹn kì í ṣe tèmi." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí Zulola. "Tìyẹn ni. Ọmọ ọmọ Hamrokhon, ará pẹ̀tẹ́lẹ̀. Òun lẹ wá ń fi wọn gbogbo ayé."

Ó dúró kí ojú ti ọmọbìnrin náà. Ojú kò tì í. Ó rọra pa kọ̀ǹpútà dé, ó yíjú sí Zulola, ó bi í pé ibo ni òbí rẹ̀ ti wá. Zulola, tí ìkòkò tíì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, sọ ibi tí baba rẹ̀ ti wá. Ó ní ìyá òun kò mọ ẹni tó bí òun.

Mehrangez ní òun kò ní sọ ohun tí òun kò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í pe orúkọ, kì í sì í pe abúlé. Ṣùgbọ́n ìdajì ohun tó wà nínú ìgò yẹn ti ọ̀dọ̀ baba wá, ìdajì kejì kò sì yàtọ̀ sí i. Bí ìyá bá jẹ́ ọmọ pẹ̀tẹ́lẹ̀, yóò hàn kedere bí òróró lórí omi. Àwọn tó bí Oysara, ó ní, òkè yìí ni wọ́n ti wá, tàbí ibi tó sún mọ́ ọn gidigidi.

"O ṣáà gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀," ni Hosiyat wí. "Kí ló tún kù tó o lè sọ?"

Mehrangez ní nínú àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mẹ́ta wà tí àwọn kò lè fi ṣe òdiwọ̀n rárá, ọmọ àfonífojì yìí sì ni àwọn náà ń pe ara wọn. Òun kò sọ ohun tó dùn fún wọn. Hosiyat fẹ́ tún bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan tó ti wà nínú orí rẹ̀ láti ìgbà ọmọdé sọ sí i lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ní Zafarobod, ní ọjọ́ tí wọ́n sin àbúrò rẹ̀ kejì, ó rí obìnrin pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan tó fa ọmọdébìnrin kan lọ́wọ́ kúrò lẹ́bàá ibojì, ọmọ tí kò lè ju ọdún mẹ́rin lọ, tó ń bojú wẹ̀yìn. Àwọn òbí ń kú, àwọn ọmọ ń kù. Ó mọ̀ pé àwọn obìnrin ibẹ̀ gba ọmọ tọ́. Gbogbo ènìyàn mọ̀. Kò wá sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan rí láti fi Oysara sínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Zulola gbé ìkòkò tíì kalẹ̀.

"Nítorí náà, itọ́ mi lẹ fi dán mi wò, Ìyá," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ga ju ti ẹni tó ń béèrè iyọ̀. "Ká ní ó jáde bí ẹ ṣe fẹ́ kó jáde ńkọ́? Kí lẹ ò bá ti ṣe sí mi?"

Hosiyat mọ ohun tí òun ì bá ṣe, ó sì rí i pé Zulola náà mọ̀ ọ́n.

Zulola wá yíjú sí Mehrangez. "Ṣé ẹ lè yọ ọ́ kúrò?"

"A lè yọ ọ́," ni Mehrangez wí. "Ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tó dára jù, inú mi ì bá dùn tó o bá…"

"Ẹ yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Mehrangez mú ìwé jáde, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì jẹ́ kó ka ohun tí òun kọ. Kó tó lọ, ó bi Hosiyat bóyá á fi itọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Hosiyat ní rárá.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, ká ní Hosiyat lè sùn. Zulola ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń kí i láàárọ̀, ó ń bu oúnjẹ fún un, kò sì bá a sọ ju ohun tó pọn dandan. Ní ọjọ́ karùn-ún, Hosiyat wọ bàtà, ó mú ọ̀pá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń wá àwọn tó dàgbà tó láti rántí. Ìbéèrè kan náà ló ń bi wọ́n. Nínú àwọn tí wọ́n kó lọ lọ́dún yẹn, ta ló kú tó fi ọmọbìnrin kékeré sílẹ̀, tí wọn kò rí ọmọ náà mọ́?

Ìdáhùn kò yá. Àwọn tí òun àti wọn jọ ń fura sí oníbèéèrè láti àádọ́ta ọdún wá ń fura sí òun náà. Wọ́n ní kí ló fẹ́ fi ṣe? Ṣé ọmọbìnrin Dushanbe yẹn ló rán an ni? Arúgbó kan ní kó kọ́kọ́ mu tíì, ó wá bi í fínnífínní nípa gbogbo ìdílé rẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun fún un. Ilé kan wà tí wọ́n ti rí i látòkè, tí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn.

Ilé méjì péré ló rí nǹkan mú jáde. Ní abúlé ìsàlẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Bozorbibi sọ pé ẹ̀gbọ́n òun àti ọkọ rẹ̀ kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Ọmọ wọn ń ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní ó kú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀. Ilé kejì ni ilé Ganjali fúnra rẹ̀, tí kò jìnnà ju ìró ohùn lọ sí ti Hosiyat. Ẹ̀gbọ́n Ganjali lọ́kùnrin kú, ìyàwó rẹ̀ náà kú, ọmọbìnrin wọn ṣáko lọ nínú oko òwú. Ganjali sọ ọ́ láìwo ojú rẹ̀. Ó ní òun ni wọ́n fi ọmọ náà tì, òun sì jẹ́ ọmọkùnrin ogún ọdún, oorun gbé òun lọ. Hosiyat ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, kò gbọ́ ọ rí.

Hosiyat sọ fún un pé ọ̀nà kan wà tí wọ́n lè fi mọ̀. Bí Ganjali bá tún tutọ́, tí Bozorbibi àti Oysara náà tutọ́, ohun tó jọra gan-an á hàn, nítorí ti ìdílé sún mọ́ ara wọn ju ti odò àtijọ́ lọ.

Ganjali, ẹni tó gba Mehrangez sílé, ẹni tó kọ́kọ́ tutọ́ ní gbogbo abúlé, mi orí. "Bó bá jẹ́ òun ńkọ́?" ló wí. "Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó? Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀." Hosiyat jókòó tì í títí tíì fi tutù, kò sì bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ó kó gbogbo ohun tó gbọ́ wá fún Zulola, ní títò, láìyọ ohunkóhun sílẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti rí ọmọdé kan rí lẹ́bàá ibojì, àti pé òun kò mọ̀ bóyá òun náà ni. Kò bẹ̀bẹ̀ ní tààràtà, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó kàn ní, "Ohun tí mo rí nìyẹn. Ìwọ ló ni ín." Zulola gbọ́ ọ tán, ó gun òkè lọ síbi nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó pe ìyá rẹ̀.

Lórí fóònù, Oysara kọ́kọ́ bi í pé ṣé yìnyín ti yọ́ tán lójú ọ̀nà. Ó ní òun ń bọ̀ wá wò wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gba itọ́ òun. Hamrokhon ló wo òun, Hamrokhon ni ìyá òun, bí òun bá sì lọ ń wá ìyá mìíràn nínú ìgò, òun á ti rí Hamrokhon fín nínú ibojì rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Oysara lò ní Sangikat ní oṣù kẹjọ. Obìnrin kúkúrú ni, tí orúnkún ń dùn. Zulola mú un lọ sílé Bozorbibi, wọ́n jẹun, wọ́n sunkún díẹ̀, Bozorbibi sì ní ojú ẹ̀gbọ́n òun ni òun rí. Ní ilé Ganjali, baba àgbà náà kàn ń wo ọwọ́ Oysara bí ó ṣe ń já búrẹ́dì, ó jáde lọ síbi ẹran, kò sì padà títí àwọn àlejò fi lọ. Lọ́jọ́ kejì ó fi ẹnì kan gbé odidi ìkòkò bọ́tà ránṣẹ́ sí Oysara. Ẹni tó gbé e wá ní wọn kò rán òun níṣẹ́ kankan.

Nígbà tí Oysara ń lọ, Zulola kó àwọn ọmọ, ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Kò sọ ìgbà tó máa padà. Àwọn ará abúlé béèrè lọ́wọ́ Hosiyat, ó ní òun kò mọ̀, òótọ́ ló sì sọ. Nizom pè láti Rọ́ṣíà, fóònù Ganjali ló gbà pè é. Ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Hosiyat sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dé ohun tó ti rò nígbà òtútù. Ọmọ náà ní, "Màmá," ó sì gé e.

Lóṣù kẹsàn-án, lẹ́tà Mehrangez dé ọwọ́ Ganjali. Ó ní wọ́n ti yọ nọ́ńbà kẹrìnlá kúrò, wọ́n ti tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n láìsí i, ohun tó jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tẹ́lẹ̀ ti di méjìlélọ́gọ́ta. Ganjali ka lẹ́tà náà sókè. Ó ya Hosiyat lẹ́nu pé ẹyọ ènìyàn kan kúrò, gbogbo abúlé mẹ́rin sì yí padà lórí ìwé láìsí pé ohunkóhun yí padà lára wọn. Kò mọ̀ bóyá ìyẹn mú kí òun gbà wọ́n gbọ́ sí i ni àbí kó dín in kù. Ó ní kí Ganjali kọ̀wé padà, kó béèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ti da itọ́ náà nù, àti ẹni tó rí wọn nígbà tí wọ́n dà á nù.

Zulola padà dé ní ìparí oṣù kẹwàá, kí yìnyín tó dí ọ̀nà. Ẹnì kan ló rí wọn látòkè tó wá sọ. Hosiyat fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun sọ̀ kalẹ̀ lọ dé ibi afárá, ó dúró dè wọ́n níbẹ̀. Àwọn ọmọ sáré wá dì mọ́ ọn. Zulola kí i bí ìyàwó ṣe ń kí ìyá ọkọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dín sí i. Hosiyat gba àpò tó wúwo jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀, Zulola sì jẹ́ kó gbé e.